Olóòtú Dà? Àyẹ̀wò Ìṣàkóso Ìwé Yorùbá lórí Ayélujára, láti Ìwé Ìròhìn Abẹ́òkúta títí di Òní

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sórí ìtàn àròsọ, eré oníṣe àti ewì nìkan. Ibi gbogbo tí a bá ti ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà, ibẹ̀ ni lámèyítọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dé, kí ó wo ohun tí a kọ, kí ó wo bí a ti kọ ọ́, kí ó sì wo irú ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Lónìí, àìmọye ojú ìwé Yorùbá ni ó wà lórí ayélujára, ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà yẹ̀ wọ́n wò bí a ti ń yẹ ìwé wò. Bí a bá tilẹ̀ mẹ́nu kàn wọ́n, iye wọn ni a ń yìn. A ó ní, “Yorùbá ti dé orí ayélujára,” inú wa yóò dùn, ọ̀rọ̀ yóò sì pin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún ebè tí kò ro ọ̀kan, igbó ni ó ní, kì í ṣe oko.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí ó ń ṣe ìwé Yorùbá lórí ayélujára kì í ṣe àìsí ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe àìsí òǹkọ̀wé. Olóòtú ni kò tó. Abẹ́òkúta ni ó sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé níbẹ̀ ni ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti ní olóòtú.

Ohun tí Ìwé Ìròhìn fi lélẹ̀

Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend, àlùfáà ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S., gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ẹ̀dà kìíní Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti ibẹ̀. Owó ẹyọ 120 ni a ń tà á, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì ń jáde. Ìròyìn ìjọ wà nínú rẹ̀, ìrìbọmi wà níbẹ̀, ikú àti ìrìn àjò àwọn àlùfáà wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ ìlú àti iye tí a ń ta òwú náà wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1860, a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Nígbà tí ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Èkó wá le, tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ilé ìtẹ̀wé náà bàjẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin.

Ohun tí ó yẹ kí a rí dì mú nínú ìtàn yìí ni iṣẹ́ tí olóòtú ń ṣe kí ìwé tó jáde. Ó ní láti pinnu ohun mẹ́rin: èyí tí yóò wọlé àti èyí tí kò ní wọlé, abẹ́ àkòrí wo ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà, irú àkọtọ́ wo ni a ó fi kọ ọ́, àti ọjọ́ tí yóò jáde. Ìpinnu ti àkọtọ́ kò rọrùn rárá, nítorí pé ọdún 1875 ni ẹgbẹ́ C.M.S. tó pe ìpàdé sí Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ọdún 16 ni ó wà láàárín ẹ̀dà kìíní Ìwé Ìròhìn àti ìpàdé yẹn. Ẹni tí ó ń tòlẹ́tà ní Aké kò lè dúró de ìpàdé. Ó ní láti yan ọ̀nà kan kí ó sì tọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yin olóòtú àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Townsend ní ìhà tirẹ̀ nínú òṣèlú Ẹ̀gbá àti ti Èkó. Ohun tí ó yọ kúrò nínú ìwé rẹ̀, òǹkàwé kò lè rí i láéláé. Ẹni tí ó tún gbólóhùn kan kọ, a kì í mọ̀ ọ́n. Agbára olóòtú nígbà náà dà bí agbára ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra tí ó ń dájọ́: ìdájọ́ nìkan ni ará ìta ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àbùkù yìí sọ́kàn, nítorí ẹ̀rọ tuntun ní oògùn kan fún un.

C.M.S. mìíràn

Ó ṣe ní ẹ̀rín pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà, C.M.S., ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń pe irú ètò tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí. Kò bá ẹgbẹ́ ajíhìnrere tan, kò sì bá ibùdókọ̀ tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó tan. Ètò tí a fi ń dá àkóónú ìkànnì sílẹ̀, tí a sì fi ń ṣàkóso rẹ̀, ni. Drupal jáde ní ọdún 2001, WordPress ní ọdún 2003, Joomla ní ọdún 2005. MediaWiki ni èyí tí ó gbé gbogbo Wikipedia ró, ti Yorùbá pẹ̀lú.

Kí irú ètò wọ̀nyí tó gbilẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìkànnì ní láti fi ọwọ́ kọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, àti ọ̀rọ̀ àti ọ̀ṣọ́ rẹ̀ papọ̀. Bí ojú ìwé bá tó ọgọ́rùn-ún, tí onítọ̀hún sì fẹ́ pààrọ̀ orúkọ kan tí ó wà lókè gbogbo wọn, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni yóò tún un kọ. Ètò tuntun ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ wà nínú àká kan. Ọ̀ṣọ́ wà níbòmíràn. Nígbà tí òǹkàwé bá ṣí ojú ìwé, ẹ̀rọ yóò lọ mú ọ̀rọ̀ wá láti inú àká, yóò sì wọ ọ̀ṣọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta yóò tètè lóye èyí. Páànù tí a gé ọnà sí lára wà lọ́tọ̀, aṣọ wà lọ́tọ̀. Páànù kan náà ni a ń gbé lé orí ogún aṣọ, tí a ń fi ẹ̀kọ kùn ún kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Bí a bá sì gé páànù tuntun, ọnà tuntun ni yóò hàn lára aṣọ tí ó kàn.

Ètò wọ̀nyí tún pín iṣẹ́ fún ènìyàn. Nínú WordPress, ipò márùn-ún ni ó wà nílẹ̀. Ẹni tí ó kéré jù kàn lè kà á, kí ó sì tún àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e lè kọ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé e jáde. Ẹ̀kẹta lè kọ tirẹ̀ kí ó sì gbé e jáde. Ẹ̀kẹrin ni olóòtú, tí ó lè tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe, tí ó lè gbé e jáde, tí ó sì lè dá a dúró. Ẹ̀karùn-ún ni alákòóso gbogbo ilé. Àpilẹ̀kọ tí kò tíì jáde ní ibi tí ó ń gbé. Èyí tí a tún ṣe, a lè padà rí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ náà ti ṣe àga sílẹ̀ fún olóòtú. Bí a bá wá rí ìkànnì Yorùbá tí ẹnì kan ṣoṣo ti jẹ́ òǹkọ̀wé, olóòtú àti alákòóso, tí ó ń kọ ọ́ ní alẹ́ tí ó sì ń gbé e jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, àbùkù náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Àga wà nílẹ̀, ènìyàn ni kò jókòó sórí rẹ̀.

Òwu, òwú àti owú

Kí a tó máa sọ̀rọ̀ lókè lókè, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sílé. Òwu ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó para pọ̀ di Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Ẹ̀gbá Aláké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà àti Ẹ̀gbá Gbágùúrá. Òwú ni irè oko tí Ìwé Ìròhìn ń kéde iye rẹ̀. Owú sì ni ohun tí orogún ń jẹ.

Bí olùkọ́ kan ní Abẹ́òkúta bá fi WordPress dá ìkànnì sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sì kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí àkòrí wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí, ẹ̀rọ yóò fi àkòrí kọ̀ọ̀kan ṣe àdírẹ́sì fún ojú ìwé náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe é, yóò bọ́ gbogbo àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ yóò di owu. Èkejì, nítorí pé ẹnì kan ti ń jẹ́ owu ṣáájú, yóò di owu-2. Ẹ̀kẹta yóò di owu-3. Ẹ̀yà ènìyàn kan, irè oko kan àti ìwà kan ti di ọmọ ìyá mẹ́ta tí a fi nọ́ńbà pè. Ẹni tí ó bá rí owu-2 nínú ìwé ẹlòmíràn kò lè mọ̀ bóyá ìtàn ìlú ni, bóyá ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ kò ṣe èyí láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó ṣe é rò pé àdírẹ́sì tí kò ní àmì rọrùn láti tẹ̀ àti láti fi ránṣẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Ẹ̀rọ náà gba olóòtú láàyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àdírẹ́sì padà kí ojú ìwé tó jáde. Owu-abeokuta, owu-oko, owu-orogun: ìṣẹ́jú kan péré ni iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti wà tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ìṣòro kejì farasin ju èyí lọ. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń ka lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ tí ó ní àmì ohùn lórí. Nítorí náà, ẹnì kan lè tẹ ọ kí ó tó fi àmì lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ò kí ó tó fi ìlà sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta lè tẹ o lásán kí ó tó kó méjèèjì lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti sọ wọ́n di ọ̀kan, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá “Gbágùúrá” tàbí “Ọ̀bà” nínú ìkànnì, ẹ̀rọ yóò ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ gbangba. Ohun tí a kọ tí a kò lè rí, kò sàn púpọ̀ ju ohun tí a kò kọ lọ.

Àwọn kan a máa wí pé òǹkàwé Yorùbá gbọ́n, pé bí a kò bá tilẹ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀, yóò fi òye gbé e. Òtítọ́ wà nínú èyí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú gbólóhùn. Bí a bá kọ “agbe naa gbin owu” láìsí àmì, kò sí ẹni tí yóò rò pé orogún ni ó gbìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ètò ìkànnì ń kó ọ̀rọ̀ sí: àkòrí, orúkọ ẹ̀ka, àdírẹ́sì, àpótí ìwákiri. Gbogbo ibi wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ dá dúró ni. Kò ní aládùúgbò tí yóò jẹ́rìí rẹ̀. Ibi tí àyíká ọ̀rọ̀ kò sí gan-an ni àmì ohùn ti wúlò jù lọ. Nítorí náà, bí ọwọ́ kò bá ká a láti fi àmì sí gbogbo àpilẹ̀kọ, ìyẹn kì í ṣe ìdí láti pa gbogbo rẹ̀ tì. Kí a kọ́kọ́ fi sí àkòrí, kí a fi sí orúkọ ènìyàn àti ti ìlú, kí a sì fi sí orúkọ ẹ̀ka. Ó sàn kí àmì wà níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ju kí a fọ́n ọn káàkiri bí iyọ̀ lọ.

Orúkọ tí Wikipedia Yorùbá sọ àwọn ohun èlò rẹ̀

Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́ èdè lórí ayélujára kò gbọdọ̀ wo àpilẹ̀kọ nìkan. Kí ó tún wo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó wà ní etí ojú ìwé. Àwọn tí ó tú MediaWiki sí Yorùbá ní láti wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ nínú ètò náà, Oníṣe ni wọ́n pè é. Ìtumọ̀ ojúlówó Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sún mọ́ “ẹni tí ń lo nǹkan.” Ṣùgbọ́n olùtumọ̀ kò bá Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó pè é ní ẹni tí ń ṣe nǹkan. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Yorùbá sàn ju èyí tí a tú u láti inú rẹ̀ lọ, nítorí pé ní Wikipedia, ẹni tí ó wọlé kò wá jẹun lásán. A retí pé kí ó bá wọn dáná.

Ojú ìwé tí a ti ń jiyàn lórí àpilẹ̀kọ, Ọ̀rọ̀ ni wọ́n pè é. Èyí náà dára. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ ni ohun tí a ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ni ohun tí ó wà nílẹ̀ tí a ní láti yanjú. Ìkékúrú orúkọ kan gba ìtumọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀ka ni wọ́n pe ìsọ̀rí. Níbí ni mo ti ní ìbéèrè díẹ̀. Ẹ̀ka igi kì í so mọ́ igi méjì, ṣùgbọ́n nínú ètò yìí, ojú ìwé kan lè wà nínú ẹ̀ka mẹ́wàá. Ó jọ ìdílé ju igi lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta lè jẹ́ ará Aké níhà ti baba, kí ó jẹ́ ará Òwu níhà ti ìyá, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó yan ọ̀kan. Olóòtú tí ó bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “ẹ̀ka” tan òun yóò máa ro pé ibì kan ṣoṣo ni ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lè so mọ́.

Àdàkọ ni orúkọ tí wọ́n fún àpẹẹrẹ tí a ń fi ṣe ojú ìwé púpọ̀ lọ́nà kan náà, èyí tí mo fi wé páànù aládìrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá dà kọ ni àdàkọ; aṣọ ni, kì í ṣe páànù. Ohun tí a ń wò tí a fi ń kọ òmíràn ìbá jẹ́ àwòkọ. N kò sọ èyí láti ní kí a tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣe ti ń lò fún ọdún púpọ̀ ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo sọ ọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìwé ẹ̀kọ́ ń ṣe ni àwọn aláìlórúkọ wọ̀nyí ń ṣe, àti pé ó yẹ kí a máa jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì.

Iye kọ́ ni ìwọ̀n

Àpilẹ̀kọ tí ó wà nínú Wikipedia Yorùbá ju 30,000 lọ. Iye náà wuyì létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí wọn wò yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn kan lọ, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbólóhùn kan wọ̀nyí dá lórí àwọn òkúta kéékèèké tí ó ń yí oòrùn ká lójú ọ̀run. A mú àpẹẹrẹ kan, a yí orúkọ àti nọ́ńbà padà, ojú ìwé tuntun sì dé. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gbólóhùn kan lè tó fún òkúta ojú ọ̀run tí a kò mọ̀ ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò lè tó fún Olúmọ, òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ní nǹkan bí ọdún 1830. Nígbà tí a bá ka méjèèjì sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú iye kan náà, iye náà kò sọ ohunkóhun fún wa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkànnì YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, wé èyí. Orúkọ ènìyàn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àyè tí a ó kọ ìtumọ̀ sí wà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, àyè ìpè wà, àyè ìtúpalẹ̀ wà, àyè sì wà fún ibi tí orúkọ náà ti wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ará ìta lè mú orúkọ wá. Àǹfààní ètò yìí ni pé àyè tí ó ṣófo ń hàn sí gbogbo ènìyàn. Ó ń béèrè pé kí a wá kún òun. Àpilẹ̀kọ onígbólóhùn kan kò béèrè nǹkan kan. Ó jókòó bí ẹni tí ó ti parí iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti ẹ̀rọ, ti ìrònú olóòtú ni: ẹnì kan ti jókòó ro ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ nípa orúkọ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ jọ.

Ohun tí àìsí olóòtú lè dá sílẹ̀ hàn ní ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Àṣírí tú pé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, tí kò gbọ́ èdè Scots tí a ń sọ ní Scotland, ni ó ti kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé nínú Wikipedia èdè náà láti ìgbà ọmọdé rẹ̀. Kò ní èrò ibi. Àwọn elédè ni kò sí nítòsí láti dá a lẹ́kun. Èdè tiwa ní àwọn tí ń sọ ọ́ ju ti Scots lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ewu náà kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 2013 ni Google ti ń fi ẹ̀rọ túmọ̀ Yorùbá. Ẹnikẹ́ni lè kó ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ, kí ó kó ohun tí ó jáde sínú ìkànnì, láìka ìlà kan níbẹ̀.

Níbí ni oògùn tí mo ti sọ ṣáájú wà. Ní MediaWiki, gbogbo àtúnṣe ni a ń kọ sílẹ̀: orúkọ tàbí àmì ìdánimọ̀ ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti ọ̀rọ̀ gan-an tí ó yọ tàbí tí ó fi kún un. Ìtàn àtúnṣe yìí ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Townsend kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti fi han àwọn ará Ẹ̀gbá. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rù pé olóòtú yóò di ọba tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ tuntun ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìdájọ́ sílẹ̀. Olóòtú lè wà, kí gbogbo ayé sì máa rí ọwọ́ rẹ̀.

Ìpamọ́

Ìfọ́lé ọdún 1867 ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Aké jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dé ilé gbogbo ẹni tí ó ti fi owó ẹyọ 120 ra ìwé náà. Ìwé ti fọ́n ká kí ìjà tó dé. Ìdí nìyí tí a fi ṣì ń rí díẹ̀ nínú ẹ̀dà rẹ̀ ní ilé ìpamọ́ ìwé títí di òní.

Ìkànnì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àká kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, owó ọdọọdún ni a sì ń san kí àká náà má bàa tì. Nígbà tí owó bá tán, tàbí tí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé bá kú, kò sí Ìfọ́lé kankan tí yóò ṣẹlẹ̀; ojú ìwé kò kàn ní ṣí mọ́ ni. Kì í ṣe àwọn kéékèèké nìkan ni èyí ń ṣe. GeoCities, níbi tí àìmọye ènìyàn kọ ojú ìwé wọn sí láti ọdún 1994, wà lọ́wọ́ Yahoo, ilé iṣẹ́ ńlá, nígbà tí a tì í pa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009. Internet Archive, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ń ya ẹ̀dà àwọn ìkànnì sílẹ̀, ó sì ti gba púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ẹlòmíràn bá wa yà kò lè rọ́pò èyí tí onílé fúnra rẹ̀ tọ́jú.

Ohun tí ó wà nínú ewu kò kéré. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá kó wá sí abẹ́ Olúmọ, orúkọ ìlú wọn àtijọ́ ni wọ́n fi sọ àdúgbò tuntun: Ìtòkò, Ìkìjà, Ìjẹùn, Ìgbẹ̀ìn, Kémta àti àwọn mìíràn. Orúkọ àdúgbò ní Abẹ́òkúta jẹ́ ìwé ìtàn tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lójoojúmọ́. Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan ń lọ. Bí a bá kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sórí ìkànnì láìsí àmì, láìsí orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, láìsí ẹ̀dà kejì, a óò ro pé a ti pa á mọ́, ọkàn wa yóò balẹ̀, a kò sì ní lọ béèrè mọ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ni ó burú ju àìkọ lọ.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

Kò yẹ kí lámèyítọ́ tú ilé wó kí ó má sọ bí a ó ti tún un kọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀, kò sì gba ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ju èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yín ti ní lọ.

Èkíní, kí ìkànnì Yorùbá kọ̀ọ̀kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ya ẹni tí ó ń kọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń gbé e jáde. Ẹni méjì péré ti tó. Ẹ̀rọ ti pèsè ipò méjèèjì sílẹ̀.

Èkejì, kí olóòtú ní ìwé kékeré kan tí a kọ ìlànà sí: irú àkọtọ́ tí a ó lò, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, bí a ó ti máa tẹ àmì, bí a ó ti máa sọ àdírẹ́sì, orúkọ àwọn ẹ̀ka àti ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ojú ewé méjì lè gba ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ là.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ Yorùbá máa lo ìtàn àtúnṣe Wikipedia gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀kọ́. Kí ó mú ojú ìwé kan nípa Abẹ́òkúta, kí ó jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò bí ó ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti rí lónìí, kí wọ́n sọ àtúnṣe tí ó mú un dára àti èyí tí ó bà á jẹ́, kí wọ́n sì wá tún un ṣe fúnra wọn. Kò sí ìwé ìtàn àròsọ tí ó lè fi ọwọ́ olóòtú han akẹ́kọ̀ọ́ báyìí.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa tẹ ẹ̀dà ohun tí ó ṣe pàtàkì jáde lórí bébà lọ́dọọdún, kí a sì fi sí ilé ìkàwé méjì ó kéré tán.

Ẹ̀rọ tí Townsend gbé kalẹ̀ ní ọdún 1854 kò pọ̀ tó èyí tí ó wà nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́ kan lónìí. Ohun tí ó fi jù wá lọ ni pé ẹnì kan jókòó ti gbogbo ìlà tí ó jáde láti inú rẹ̀, ó sì gbà láti jíyìn fún un. Títí tí a ó fi rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìkànnì wa, ìyìn tí a ń fún iye ojú ìwé Yorùbá lórí ayélujára kò tíì tọ́ sí wa.